Famous
Famous ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹni, ibi tàbí ohun tí òkìkí rẹ̀ kàn. Láti inú èdè Látìn ló ti gba ọ̀dọ̀ Faransé wọlé, ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá. Fama tó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí aráyé ń sọ kiri, ìbáà ṣe ire, ìbáà ṣe ibi; kódà, libellus famosus, tí famosus inú rẹ̀ ti ara fama jáde, ni òfin Róòmù àtijọ́ ń pe ìwé tí a fi ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti yà kúrò níbẹ̀: famous tẹ̀ sí ọ̀nà ìyìn, infamous àti notorious sì gba ti ibi. Ẹnìkan lè takò ó pé a máa ń rí i kà pé Jack the Ripper, apànìyàn Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1888, jẹ́ famous. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí orúkọ náà ṣe tàn kálẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wí, wọn kò yìn ín. Famously gan-an jẹ́rìí sí i pé ọ̀nà ìyìn ni famous tẹ̀ sí: ẹni méjì tó bá “get on famously”, wọ́n mọwọ́ ara wọn dáadáa ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ọ̀daràn, notorious ni kó lò.