Àpilẹ̀kọ Tí A Sanwó Fún: Yóò Ti Pẹ́ Tó Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Àwọn aránṣọ, àwọn onílé ìtura, àwọn tí ń ta irè oko àti ọ̀pọ̀ oníṣòwò mìíràn ní ìpínlẹ̀ yìí ń sanwó fún àwọn ìkànnì ayélujára láti gbé àpilẹ̀kọ jáde nípa iṣẹ́ wọn. Inú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi líǹkì sí, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò tẹ̀ tí yóò sì gbé e lọ sí ìkànnì oníṣòwò náà gan-an. Ohun tí ẹni tí ó sanwó sábà máa ń gbàgbé láti béèrè ni ọjọ́ tí àyè tí ó rà yóò tán.

Àdéhùn ni ó ń pinnu rẹ̀. Àwọn kan ń ta àyè fún oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn fún ọdún 1, àwọn kan a sì kọ ọ́ pé “títí láé”. A rọ̀ yín kí ẹ yẹ gbólóhùn ìkẹyìn yìí wò dáadáa. Orúkọ ìkànnì tí ó parí sí .com kì í ṣe ohun tí a ń rà pa bí ilẹ̀. Ọdún 1 sí ọdún 10 ni a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan, a ó sì tún sanwó bí àkókò bá pé. Ẹni tí ó ń san owó ọdọọdún kò ní “títí láé” tí ó lè tà fún ẹlòmíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ń palẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni Yahoo ti GeoCities pa ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye ojú-ìwé tí àwọn ènìyàn ti gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Ìwádìí tí Pew Research Center gbé jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé nínú 100 ojú-ìwé tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2013, 38 ni a kò rí mọ́ ní ọdún 2023. (Ìkànnì ìjọba kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìwádìí kan náà bá líǹkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú 21 nínú 100 ojú-ìwé ìjọba tí wọ́n yẹ̀ wò.)

Àpilẹ̀kọ lè wà níbẹ̀ kí líǹkì inú rẹ̀ sì ti di òfìfo. Google fẹ́ kí onílé ìkànnì fi àmì sí líǹkì tí a sanwó fún, “nofollow” láti ọdún 2005 tàbí “sponsored” láti ọdún 2019, kí ó má baà kà á mọ́ ohun tí ń gbé ìkànnì ga nígbà tí a bá ń wá nǹkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí a ń pè ní Penguin, ọ̀pọ̀ onílé ìkànnì fi ọwọ́ ara wọn yọ líǹkì tí wọ́n ti gbowó lé lórí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta líǹkì “tí Google kò ní mọ̀” fún yín, ewu ni ó ń tà.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sì fẹ́ kí ó lọ lè má lọ. Wayback Machine, èyí tí Internet Archive ti ń fi tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú-ìwé láti ọdún 1996, lè ní àṣìṣe tàbí nọ́ńbà fóònù àtijọ́ yín lọ́wọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba àdéhùn ní kíkọ: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, irú àmì tí yóò wà lára líǹkì, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí àpilẹ̀kọ bá kúrò ṣáájú àkókò. Ẹ ya àwòrán ojú-ìwé náà pẹ̀lú déètì, kí ẹ pa rìsíìtì mọ́, kí ẹ sì máa ṣí i wò lóṣooṣù. Àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí ni ẹ ó mú dání bí ẹ bá ní láti fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.