Ọ̀bẹ àti Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Bí ọlọ́jà kan ní Aswani, ní Ìsọlọ̀, bá ń wúkọ́ fún oṣù mẹ́ta, ohun tí ará ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rò ni ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Bí dókítà bá wá dárúkọ iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè kan ṣe pàtàkì: ibo ni kí ọ̀bẹ gé dé kí àrùn náà má baà padà?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1933, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, Dókítà Evarts Graham la àyà James Gilmore, tí òun náà jẹ́ dókítà. Apá kan ẹ̀dọ̀fóró òsì ni ó fẹ́ gé. Nígbà tí ó rí ibi tí àrùn dé, ó yọ gbogbo rẹ̀. Gilmore yè. Iṣẹ́ ọjọ́ náà fi ìgbàgbọ́ múlẹ̀ pé gígé púpọ̀ ni ààbò.

Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́ abẹ rí i pé kò pọn dandan láti yọ gbogbo ẹ̀dọ̀fóró. Ìpín mẹ́ta ni ti ọ̀tún ní, méjì ni ti òsì. Yíyọ ìpín kan lè tó. Ṣùgbọ́n ṣé a lè gé kéré ju ìpín kan lọ? Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 1995 fi hàn pé, lára àwọn tí a gé kéré fún, àrùn padà sínú àyà ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ní 2022, àwọn ará Japan dán an wò lára àwọn tí kókó wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Àrùn tún yọ níbi tí a ti gé e lára 10.5 nínú 100, dípò 5.4. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 5, 94.3 nínú 100 àwọn tí a gé kéré fún ṣì wà láàyè, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 91.1, ikú láti ọwọ́ àrùn mìíràn ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn tí a yọ odindi ìpín fún.

Kì í ṣe ìwọ̀n gígé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Ní 2019, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ṣáínà fi hàn pé, bí a bá kọ́kọ́ di iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró padà sí ọkàn, èso jẹjẹrẹ tí ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ a máa dín kù.

Graham, amusìgá, fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi hàn ní 1950 pé sìgá ń fa àrùn yìí. Òun kan náà ni ó sì pa á ní 1957, nígbà tí Gilmore ṣì wà láyé. Ọ̀bẹ tí ó gba ẹlòmíràn là kò lè gba ẹni tí àrùn ti tàn kálẹ̀ lára rẹ̀. Nítorí náà, ikọ́ tí kò lọ lẹ́yìn oògùn yẹ kí ó gbé ọlọ́jà Aswani dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, nígbà tí kókó náà ṣì kéré.