Bí Wọ́n Ṣe Ń Wádìí Ikú Ètò Ọmọ Nínú Unix

Nínú Unix àti Linux, yàtọ̀ sí ètò àkọ́kọ́ tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ náà) fúnra rẹ̀ gbé dìde, ètò kan ló ń bí òmíràn. Ètò òbí á pe fork, kẹ́nẹ́ẹ̀lì á sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà yìí ni ètò ọmọ, ó sì lè pe exec láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ bá kú láìròtẹ́lẹ̀, díẹ̀ ni ohun tí òbí ń gbọ́ nípa ikú náà.

Ọdún 1963 ni Melvin Conway gbé èrò fork jáde nínú ìwé ìwádìí kan. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Berkeley lò ó lórí ẹ̀rọ SDS 940, Ken Thompson tó kàwé níbẹ̀ sì mú un dé Bell Labs ní New Jersey. Nínú Unix àkọ́kọ́ tí òun àti Dennis Ritchie kọ fún ẹ̀rọ PDP-7, ìlà 27 péré ni fork gbà. Kò sí wait nígbà náà. Bí shell, ètò tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ òǹlò, bá ti gbé ọmọ dìde tán, á ránṣẹ́ sí i, á sì dúró. Ọmọ kì í ka iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Ìgbà tó bá kú ni kẹ́nẹ́ẹ̀lì á tó dá shell lóhùn pé ẹni tó ń ránṣẹ́ sí kò sí mọ́. Ọgbọ́n náà dùn, àmọ́ ọmọ tó parí iṣẹ́ rẹ̀ àti èyí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ò yàtọ̀ síra lójú shell.

Wait, tí òbí fi ń dúró de ikú ọmọ, ti wà nínú ìwé atọ́nà Unix tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971. Nígbà tó yá, bíìtì 16 ni èsì rẹ̀: 8 fún nọ́ńbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀, 7 fún àmì (signal) tó pa á, ẹyọ kan tó kù láti sọ bóyá fáìlì core wà nílẹ̀. Core ni ẹ̀dà ohun tó wà nínú ìrántí ètò náà lásìkò tó kú. Ètò db ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tú u wò. Adb dé pẹ̀lú ẹ̀dà keje Unix lọ́dún 1979. Bí òbí ò bá pe wait, orúkọ ọmọ tó ti kú kò ní kúrò nínú àkọsílẹ̀ kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Bí òbí náà bá wá kú, ètò nọ́ńbà 1 ló ń gba ọmọ náà.

Òpin nìkan ni core ń fi hàn. Ẹ̀dà kẹfà Unix, lọ́dún 1975, ló mú ptrace wá, tí òbí fi lè dá ọmọ dúró lójú iṣẹ́, kó sì máa wo inú ìrántí rẹ̀. Ibi tó ti ń dani láàmú ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ. Atọpinpin bíi GDB, tí Richard Stallman kọ lọ́dún 1986, máa ń fi àṣẹ ìdádúró rọ́pò àṣẹ kan nínú ètò tó ń ṣọ́. Bí ètò yẹn bá pe fork tí atọpinpin ò sì lè tẹ̀ lé e, ẹ̀dà rẹ̀ á jogún àṣẹ ìdádúró náà, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Tó bá dé ibẹ̀, àmì SIGTRAP sábà máa ń pa á. Irinṣẹ́ ìwádìí gan-an ló wá di ohun tó ń pa ọmọ! Ìdí nìyí tí ìwé GDB fi gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi sleep sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ, kí wọ́n lè ráyè so atọpinpin mìíràn mọ́ ọn.

Lọ́dún 1991, Paul Kranenburg kọ strace fún SunOS. Branko Lankester gbé e wá sórí Linux lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Strace ń to gbogbo ohun tí ètò béèrè lọ́wọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, àṣàyàn -f sì ń jẹ́ kó tẹ̀ lé àwọn ọmọ pẹ̀lú. Ní 2002, Linux 2.5.46 fún ptrace ní ọ̀nà láti so ọmọ mọ́ atọpinpin látìgbà tí wọ́n bá ti bí i.

Síbẹ̀, nọ́ńbà tó jáde nígbà tí ọmọ kú ni wọ́n ṣì kọ́kọ́ ń wò. 127 láti ọwọ́ shell sábà máa ń túmọ̀ sí pé kò rí ètò tí wọ́n ní kó pè. 137 jẹ́ 128 tí shell fi kún 9, ìyẹn ni pé àmì 9 ló pa ọmọ. Nọ́ńbà náà kò sọ ẹni tó fi àmì náà ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì Linux ló pa á torí pé ìrántí ti tán, inú àkọsílẹ̀ kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí àṣẹ dmesg ń fi hàn ni wọ́n á ti rí i kà.