Ta ni Oníbàárà? Ìtàn Ilé Oúnjẹ Aláṣà Òyìnbó, láti Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol dé Àjàó Estate

Àjàó Estate, tó wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, fara ti òpópónà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ìfarati yìí ló sì mú kí hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1979, tí wọ́n ti ṣí gbọ̀ngán pápákọ̀ náà fún àwọn tó ń lọ sí òkè òkun àti àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ni ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ máa gbéra ní ìdájí àti ẹni tí tirẹ̀ balẹ̀ lóru ti ń wá ibi tó súnmọ́ tòsí tí yóò sùn sí, tí yóò sì ti jẹun. Àjèjì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní London tàbí ní Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀dùn wọn sábà máa ń jọra: agbáwo, ìyẹn ẹni tó ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò, kò kí wọn, oúnjẹ pẹ́ kó tó dé, ohun tí wọ́n rí kà nínú ìwé oúnjẹ kò sí nílé ìdáná, wọ́n sanwó tán, kò sí ṣéńjì. Ẹ̀dùn yìí ti wà ní Èkó tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ilé kan ṣoṣo ní Àjàó Estate, ìtàn rẹ̀ sì jẹ mọ́ ìbéèrè kan tó le ju ti ṣéńjì lọ, èyíinì ni ìbéèrè nípa ẹni tí a kà sí oníbàárà.

Ilé oúnjẹ aláṣà Òyìnbó ni ibi tí ẹni tó sè, ẹni tó gbé e wá àti ẹni tó gba owó ti jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àlejò kì í sì í rí ojú ẹni tó dáná. Ní búkà, olóúnjẹ fúnra rẹ̀ ló ń bù ú lójú oníbàárà, àwọn méjèèjì jọ ń sọ iye ẹran tí yóò wọ inú abọ́, olóúnjẹ á sì fi éèní, ìyẹn ìwọ̀nba tí a fi kún ọjà láìgba owó, dá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́lá. Bí ọbẹ̀ bá korò, ẹni tó sè é ló wà níwájú yẹn tí a óò sọ ọ́ fún. Ní ilé oúnjẹ aláṣà Òyìnbó, agbáwo tí kò sè, tí kò sì ta, ló ń gba ìbínú tó yẹ kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé àwọn Òyìnbó ní Ìkòyí ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti kọ́kọ́ mọ irú ìgbàlejò yìí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jókòó, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró. Bàbá àgbà tó jẹ́ kúùkù tàbí sítúwọ́ọ̀dù, tó ti ní ọmọ-ọmọ nílé, ni wọ́n ń pè ní bọ́ì, ìyẹn ọmọdékùnrin, ní ilẹ̀ tí ènìyàn kò ti gbọ́dọ̀ fi orúkọ pe ẹni tó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́, kò sì yẹ kí òpìtàn fojú kéré rẹ̀ nígbà tó bá ń wádìí ìdí tí iṣẹ́ agbáwo kò fi níyì lójú àwọn tó ń ṣe é títí di òní.

Ní oṣù Kejì ọdún 1947 ni ọ̀rọ̀ ẹni tí a kà sí oníbàárà bú jáde. Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol wà ní òpópónà Martins ní erékùṣù Èkó, wọ́n sì ti fi yàrá kan pamọ́ níbẹ̀ de Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ Colonial Office, ọ́fíìsì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlú West Hartlepool ní England ni wọ́n ti bí Cummings ní ọdún 1913; dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n kọ̀ láti gbà á. Ìlú gbaná jẹ: àwọn ìwé ìròyìn pariwo, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn kì í fìmọ̀ ṣọ̀kan pa ohùn pọ̀, àwọn èrò sì ya bo hòtẹ́ẹ̀lì náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Gómìnà Sir Arthur Richards fi pàṣẹ pé a kò gbọ́dọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́ ní ibi tó wà fún gbogbo ènìyàn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé ẹni tí wọ́n bá ti gbà wọlé nìkan ló lè ráhùn pé oúnjẹ pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tí irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti tì mọ́ kí ọdún 1947 tó dé kò ráhùn sétíì ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tó kà wọ́n sí oníbàárà. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ní láti kàn kí ìjọba tó dìde. Ó yẹ kí a sọ ọ́ pẹ̀lú pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù Kẹfà 1948, Cummings yìí kan náà ni Colonial Office rán lọ pàdé àwọn ará Caribbean tó bá ọkọ̀ ojú omi Windrush dé èbúté Tilbury, òun ló sì wà nídìí ètò tí àwọn tí kò ní ibùgbé lára wọn fi rí ibi sùn nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ sí Clapham South fún ìsádi nígbà ogun.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ṣí, àwọn oníṣòwò wá àwọn oníbàárà tuntun yìí lọ. Ilé ìtajà Kingsway, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ UAC, ṣí ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí ní ọdún 1960. Ní ọdún 1973 ó di Kingsway Rendezvous, nígbà tó sì di ọdún 1986, ó di Mr Bigg's, tó fi méètì páì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà bí a ṣe ń tò sẹ́yìn ara ẹni níwájú káńtà, tí a ń sanwó kí a tó jẹun. Nígbà tó yá, ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín wọ ibẹ̀, nítorí àwọn tó ń jẹun náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé oúnjẹ.

Ohun tó ṣòro jù láti yí padà ni ìkíni. Láàárín Yorùbá, ẹni tó bá dé ló ń kọ́kọ́ kí ẹni tó bá níbẹ̀, oníbàárà á sọ pé, "Ẹ kú ọjà o," kí ọlọ́jà tó dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀." Àṣà ilé oúnjẹ Òyìnbó yí èyí po: ẹni tó ń tà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ẹni tó ń rà. Àlejò tó dákẹ́ níwájú agbáwo tó dákẹ́ yóò gbà pé wọ́n fojú tín-ínrín òun, agbáwo náà yóò sì wò ó pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tó wọlé láìkí ènìyàn. Irú nǹkan báyìí kò mọ sí Èkó. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí KFC dé Beijing ní 1987, tí Starbucks sì tẹ̀ lé e ní 1999, àwọn àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ ń ráhùn pé agbáwo dúró tì wọ́n kí wọ́n tó ṣí ìwé oúnjẹ, àti pé ẹnì kan ń jẹ àjẹtán kí ti ẹnì kejì tó dé. Wọn kò ronú pé lórí tábìlì àwọn ará Ṣáínà, àárín ni a ń gbé gbogbo àwo sí, tí gbogbo wọn ń jùmọ̀ jẹ ẹ́, tí èyí tó kọ́kọ́ jinná kò fi ní ìdí láti dúró de ìyókù.

Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú, a ti kọ́ ọ̀pọ̀ agbáwo láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni "You are welcome, sir." Lójú ẹni tó ti England dé, ìdáhùn sí ọpẹ́ ni gbólóhùn yẹn, ó sì lè máa ṣe kàyéfì pé òun kò tíì dúpẹ́ ohunkóhun. "Ẹ káàbọ̀" gan-an ni agbáwo náà ń kí i.