Òkè-Ògùn nínú Ìwé: Ohun tí Àwọn Òǹkọ̀wé Fi Pamọ́ fún Wa

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kò lè dé etí ẹni tí a kò rò ó fún, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá sì kú láìsọ ọ́, ó bá a wọ ilẹ̀ lọ nìyẹn. Nítorí náà, ní àkókò àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, tí olúkúlùkù ń bèèrè ibi tí a ti ń bọ̀, ó tọ́ kí a wádìí irú ipò tí àwọn ará ìgbèríko wà nínú ìwé ilẹ̀ wa. Àwọn ìlú ńlá etí òkun kò ṣaláìní akọ̀wé. Kí ni a ti kọ nípa àwọn tí ó jìnnà sí òkun, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ oko ríro, aṣọ híhun àti ọdẹ ṣíṣe?

Òkè-Ògùn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ yìí wà ní ìwọ̀-oòrùn àti àríwá Ọ̀yọ́, níbi tí Ìṣẹ́yìn, Òkehò, Ìgànná, Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí gbé wà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu àti ọkà bàbà; Ìṣẹ́yìn sì lókìkí fún aṣọ òfì. Kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní ìtàn, nítorí ìtàn sọ pé Ìgbòho ti fi ìgbà kan rí jẹ́ olú-ìlú Ọ̀yọ́, àti pé ọba mẹ́rin ni a sin síbẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, kò pọ̀ nínú àwọn tí ó ka ìwé tí ó lè sọ bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń gbé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1837, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tí ó wà ní Fourah Bay, ní Sàró, kọ lẹ́tà sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Ó ròyìn bí ogun ti kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀ tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ní ọdún 1821. Òwúrọ̀ ni, àwọn obìnrin ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ogun fi wọlé. Baba rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Àjàyí kò sì rí i mọ́ láyé. A mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì. Ní Ìṣẹ́yìn, a fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò wu ẹni tí ó gbà á, a sì dá a padà, a tún gba ọmọ náà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ti dé Èkó, títí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù April 1822.

A kò ka lẹ́tà yìí sí ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ fún wa pé ogun fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́tà yìí ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà lórí iná nígbà tí ogun dé. Òǹkọ̀wé náà rántí bí àwọn abiyamọ ti ń fi ọmọ sá wọ igbó, tí igi àti ẹ̀gún ń kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ìlú tí a parun kì í ṣe orúkọ lásán. Ilé ni, pẹ̀lú ìyá, bàbá àti ọmọ ọwọ́. Ọlọ́run sì ṣàánú fún un: ní ọdún 1846 ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹni kejì tí a óò dárúkọ ni Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́. Ó bá àwọn àgbà jókòó, ó sì gbọ́ ti ẹnu àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn ní ààfin jẹ́ ìtàn rírò. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí a tún fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn Jámánì mú ọkọ̀ tí ó gbé e lójú òkun. Ọdún 1921 ni a tó rí i tẹ̀ jáde. Dókítà náà pàápàá ti kú ní 1920. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé: bí kò bá sí àwọn ìwé tí ó ṣẹ́kù sílé, kí ni ì bá kù lónìí nínú iṣẹ́ náà?

Nínú ìwé Johnson ni a ti rí ìtàn Ìgbòho àti ogun tí ó tú ọ̀pọ̀ ìlú àríwá ká. Ṣùgbọ́n kí a wí òtítọ́. Ààfin Ọ̀yọ́ ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ, ojú ààfin ni a sì fi ń wo Òkè-Ògùn nínú rẹ̀. Àwọn ará oko fara hàn nígbà tí wọ́n bá mú ìṣákọ́lẹ̀ wá, tàbí nígbà tí wọ́n bá kọ̀ láti mú un wá. A kò fi èyí bu Johnson kù, nítorí ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ó ti ń ríran.

Ẹni tí ó dúró ní ìhà kejì ni Adébáyọ̀ Fálétí. D. O. Fágúnwà ti la ọ̀nà fún ìwé ìtàn-àròsọ ní èdè wa láti 1938. Ní 1969 ni Fálétí tẹ *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin* jáde. Ìgbà tí àwọn ìlú Òkè-Ògùn ń sin Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ ìsìnrú ni ó sì fi ṣe akọni. Nínú ìwé yìí, ẹni tí ó ru ẹrù ìṣákọ́lẹ̀ ní orúkọ, ó ní èrò, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí arọ́kin pè ní ọ̀tẹ̀, ọmọ oko pè é ní òmìnira. Nítorí náà ni a fi gbà pé irú ìwé méjèèjì yẹ ní kíkà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá ọdún àti ọjọ́ nínú ìtàn-àròsọ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé nígbà tí òun bá ti mọ orúkọ àwọn ọba tán, òun ti mọ àwọn ènìyàn.

Ní ọdún 1969 kan náà ni J. A. Atanda, akẹ́kọ̀ọ́jinlẹ̀ nípa ìtàn, tẹ àròkọ rẹ̀ jáde lórí rògbòdìyàn Ìṣẹ́yìn àti Òkehò ti 1916, nígbà tí àwọn ará ìlú wọ̀nyí dìde sí ìṣàkóso tuntun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, pàápàá jù lọ sí kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a kó Òkehò kúrò ní ibùdó àtijọ́ láàrin òkè, wá sí ibi tí ó wà lónìí. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí irú àròkọ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Mélòó nínú àwọn tí ó gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni ó ti sùn kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè?

Ọ̀rọ̀ wa nìyí, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ bẹ̀ wá wò. Lẹ́tà Crowther àti ìwé Johnson, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn kò lè kà wọ́n. Kí a kọ tiwa ní èdè wa. Kí a bi àwọn ìyá àgbà léèrè ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà, iye tí wọ́n ń tà á, àti ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé Ọlọ́run, àti ti àwọn tí ó pọn omi tí a fi po amọ̀ rẹ̀. Bí a bá sì kọ ọ́ tán, kí a dà á kọ, kí ọ̀kan wà nínú àpótí ìjọ, kí èkejì wà ní ibòmíràn, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson má ṣe bá tiwa. Àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún igba ọdún kò ní rí wa bi léèrè. Ìwé ni wọn yóò bi. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá a ní òfìfo.