Ìwé Kíkà Láàrin Ọjà: Ìtàn Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta

Àwọn baba wa a máa wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí fi hàn wá pé ọgbọ́n kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí a bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan dìde láti fi ìwé kọ́ àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ láìgba owó, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ẹni tí ó mọ̀ ń fi ìmọ̀ tọrẹ fún ẹni tí kò mọ̀, bí ìgbà tí a bá ń bu omi sínú ìkòkò tí ó ṣófo. Èrò mi ni láti fi ìtàn ẹgbẹ́ kan ní Abẹ́òkúta, láàrin ọdún 1944 sí 1949, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti so èso jù lọ ní ilẹ̀ wa ni ibi tí olùkọ́ ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ òun náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo Owódé Onírin ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosọ́fẹ́ ní Èkó, ní ọ̀nà Ìkòròdú, bí a bá ti kọjá Kétu àti Mile 12. Orúkọ àdúgbò náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ọjà irin àti ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, àwọn ìyá ń ta oúnjẹ àti ọjà wẹ́wẹ́, àwọn ọmọ sì ń dàgbà sí ìdí àtẹ. Ẹgbẹ́ aláàánú tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ran irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ìtàn kan tí ó yẹ kí ó kà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà ni èyí.

Kí ìwé tó dé, àwọn obìnrin Yorùbá kò ṣàì ní ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin tí ó bá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà ti ń kọ́ ìṣirò, ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń náwó àti bí a ṣe ń dá àjọ, ó sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn lò. Ọmọ aláró mọ ewé, ó mọ eérú, ó mọ iye ọjọ́ tí aró yóò fi pọ́n. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere àti àwọn ọmọ wa tí ó ti Sàró bọ̀ dé Abẹ́òkúta ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀kọ́ mìíràn dé pẹ̀lú wọn. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859, èyí tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1869 ni ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di St. Anne's ní Ìbàdàn lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ rere ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó kàwé ń wọ kaba. Àwọn tí kò kàwé ń ró aṣọ. Nínú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, *Aké*, tí ó jáde ní ọdún 1981, a rí i pé aróṣọ ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa: ní ìlú tí a ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn ọdún 85, ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà kò lè ka ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi lé wọn lọ́wọ́. Ìwé wà nílùú, ṣùgbọ́n kò wà ní ọjà.

Ẹni tí ó gbé e lọ sí ọjà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọdún 1900 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Ó wà nínú àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School ní ọdún 1914. Ní ọdún 1919 ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé ní ọdún 1922. Ó kọ orúkọ òyìnbó tí a fi sàmì fún un sílẹ̀, ó sì di Fúnmiláyọ̀ mú. Ní ọdún 1925 ó fẹ́ Àlùfáà Ìsírẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ẹni tí ó di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School ní ọdún 1932.

Ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Ransome-Kuti kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó onígbàgbọ́ tí ó mọ̀wé ni. Iṣẹ́ wọn kò ju aṣọ rírán, oúnjẹ sísè àti ìrànlọ́wọ́ fún aláìní lọ. Ẹgbẹ́ oníkaba ni, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí kò mọ̀wé, tí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun ní ìwé kíkà. Láti inú ẹ̀bẹ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ àgbà ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà ní ọdún 1944. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọwọ́ obìnrin tí kò mọ̀wé ni ìbẹ̀rẹ̀ náà ti wá. Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n jókòó tí wọ́n pinnu ohun tí yóò ṣe aláìmọ̀wé ní àǹfààní. Aláìmọ̀wé ni ó mọ ohun tí ó ń fẹ́, tí ó sì béèrè fún un. Ṣóyínká sọ nínú ìwé rẹ̀ pé òun tí òun jẹ́ ọmọdé nígbà náà wà lára àwọn tí ó ń kọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ní lẹ́tà. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ wá ṣẹ níbẹ̀: ọmọdé ń kọ́ àgbà.

Àgbà náà sì ń kọ́ni. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń jókòó sí ìdí ìwé ni wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ọdún ogun Hítílà ni; ìjọba ń ṣọ́ oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́nà èrú. Àwọn oníkaba ń gbé ìlú kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Inú kíláàsì ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ náà gbé ẹjọ́ ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n sì gbé e sínú ìwé ìròyìn títí tí ìjẹgàba náà fi dúró. Ní ọdún 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo obìnrin ìlú, ìbáà ṣe oníkaba, ìbáà ṣe aróṣọ. Ìyáàfin Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ pa kaba tì, ó ń ró aṣọ, ó ń wé gèlè, èdè Yorùbá ni ó sì ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ, kí àwọn tí ó ń ṣojú fún lè gbọ́ gbogbo ohun tí òun ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó tóbi jù lọ ni ti owó orí. Láti ọdún 1918, ọdún ogun Àdùbí, ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí lọ́tọ̀, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ń jókòó sí ibi tí a ti ń ná an. Ẹgbẹ́ náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ bọ̀. Wọ́n gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ní ìparí ọdún 1947, àwọn obìnrin tí iye wọn ju 10,000 lọ tò lọ sí ààfin Aláké, wọ́n ń kọrin tí wọ́n fúnra wọn ṣe. Ní ọdún 1948 ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin sì ní àyè nínú ìgbìmọ̀ tuntun. Ọba náà padà sí orí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1950; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè sọ ní Abẹ́òkúta pé ọ̀rọ̀ ìlú kò kan obìnrin.

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣé ìwé ni ó ṣe èyí? Ìbéèrè náà tọ́. Ní Èkó, Àlímọ̀tù Pelewura, ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹ̀rẹ̀kò, kò kàwé, bẹ́ẹ̀ ni òun ni aṣáájú àwọn obìnrin ọjà nígbà tí wọ́n kọ owó orí ní ọdún 1940, tí ìjọba sì ní láti rọ òfin náà lójú. Àwọn obìnrin wa ti mọ bí a ṣe ń kó ara jọ kí ìwé tó dé. N kò sọ pé ìwé ni ó fún wọn ní agbára. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíláàsì ni ibi tí agbára méjì ti pàdé: agbára ọjà, tí í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìrírí àti ìgboyà, àti agbára ìwé, tí í ṣe mímọ òfin, kíkọ ẹ̀bẹ̀ àti yíyẹ ìṣirò wò. Èkínní láìsí èkejì lè ṣẹ́gun fún ọjọ́ kan. Èkejì láìsí èkínní a máa parí sí ibi aṣọ rírán àti tíì mímu.

Ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ní ọdún 1963, Paulo Freire kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí 300 ní ìwé kíkà ní ìlú Angicos, ó sì fi ọ̀rọ̀ inú ìgbésí ayé wọn ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa náà rántí pé ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti owó orí ti wọ inú kíláàsì àwọn ìyá Ẹ̀gbá.

Kí ni èyí wá kọ́ wa? Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé, ohun ìṣògo ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé kò lè ṣe iṣẹ́ tí kíláàsì àwọn ìyá ṣe. Ẹgbẹ́ tí ó bá wọ Owódé Onírin pẹ̀lú ìwé àti gègé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá olóúnjẹ ń fẹ́ kà, àti ìwé tí ọmọ iṣẹ́ onírin ń fọwọ́ sí láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi èdè tí wọ́n gbọ́ kọ́ wọn. Ó sì gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ de ohun tí yóò gbọ́, nítorí ẹni tí ó bá kọ́ ọlọ́jà ní ìwé yóò gbọ́ ẹjọ́ ọjà, kò sì ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì pẹ̀lú. A ń kọ̀wé nípa òwe, nípa oríkì, nípa ìtàn; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a gba òwe náà lẹ́nu wọn kò lè ka ohun tí a kọ. Gbèsè ni. Àwọn ìyá Abẹ́òkúta ti fi ọ̀nà tí a lè gbà san án hàn wá. Ó kù sí wa lọ́wọ́.