Ìtàn Kíkọ́ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ Láàrin Àwọn Yorùbá

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe yìí ṣe bá ìwà mu ni ó bá ẹ̀kọ́ èdè mu. Ó ti lé ní igba ọdún tí ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan sórí, tí ó sì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn kò gbe èrò yìí. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ẹni tí ó bá mọ èdè tirẹ̀ ní àmọ̀dájú ni ó ń mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ èdè ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ti Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí tí ń ṣòwò ẹrú. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, a sì kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́. Yorùbá ti jókòó sí i lẹ́nu. Ní 1827 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Nígbà tí ó sì di 1843, a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ tí ó ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Apá kìíní rẹ̀ túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1852 ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ ìhìnrere ni ó bí ìwé náà, kí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ lè gbọ́ èdè àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wàásù fún. Síbẹ̀, kí a tó lè ṣe apá kìíní, ó di dandan kí a bi ara ẹni léèrè lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan pé: kí ni àwọn ènìyàn wa ń pe èyí? Ìbéèrè yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdáhùn ìbéèrè náà kò rọrùn ní gbogbo ìgbà. Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, àwọn olùtumọ̀ rí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí ti sọ di ti Yorùbá ṣáájú, bí àlùfáà, àdúrà àti wàásù. Àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n mú. Èṣù tí Yorùbá mọ̀ ni òjíṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tí ń ṣe rere, tí ó sì ń ṣe ibi. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n sì ń pàdánù ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Ìpalára tí ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan lè ṣe nìyí.

Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 tún dá kún ìṣòro náà. Kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó so mọ́ owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ilé-ìwé. Èdè ìbílẹ̀ kò ní ipò nínú rẹ̀. Àwọn ìjọ kò dákẹ́ lórí èyí, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lórí Yorùbá lọ. Ní 1913, ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀-èdè tí ó ní apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti apá Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1958, Isaac Délànọ̀ gbé Atúmọ̀ Èdè Yorùbá jáde, níbi tí a ti fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá. Èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú ńlá, nítorí àlàyé ń fi ààlà ọ̀rọ̀ hàn ju bí a ti lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo hàn án lọ.

Ààlà yìí ni àwọn olùdánwò máa ń kọsẹ̀ lé lórí. Yorùbá ń gbọ́ ohùn, ó ń gbọ́ òórùn, ó sì ń gbọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀: *hear* ni ti ohùn, *smell* ni ti òórùn, *understand* ni ti èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró lórí pé *hear* ni gbọ́ yóò kọ ọ́ sínú àròkọ pé òun *hear* òórùn ọbẹ̀. Bákan náà ni yá: ẹni tí ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó ṣe *lend*, ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe *borrow*. *Brother* ẹ̀wẹ̀ kò sọ ẹni tí a kọ́kọ́ bí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni tí kò bá mọ bí Yorùbá ṣe pín ayé kò lè rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pín in lọ́nà mìíràn.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ọ̀ràn yìí lé orí òṣùwọ̀n, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, a fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ọ̀wọ́ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé Gẹ̀ẹ́sì ọ̀wọ́ kìíní yóò jó rẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Òótọ́ ni pé olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé Yorùbá kò dí wọn lọ́nà.

Ọ̀nà tí olùkọ́ yóò tọ̀ kò fara sin. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun bá dé, kí ó bi àwọn ọmọ léèrè oríṣìíríṣìí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè dúró fún un, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn, kí wọ́n sì yọ èyí tí kò bá a mu kúrò. Olùdánwò tí ó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ kò ní nílò àkọ́sórí púpọ̀, yóò sì jèrè èdè méjèèjì.